Jóṣúà ti Ilé Hart àti Àwọn Ẹrú Onígbàgbọ́ ní Bonny

Bí a bá dárúkọ Bonny lónìí, gáàsì àti epo rọ̀bì tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbé lọ sí òkè òkun ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, epo náà ni a fi mọ ìlú yìí, ṣùgbọ́n epo pupa ni, èyí tí àwọn ará Bonny ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ̀ àjẹ̀ lọ kó wá láti ọjà àwọn Ìgbò ní òkè odò, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí ẹnu odò. Ṣáájú epo pupa, ènìyàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Nígbà tí òwò ẹrú ti òkè òkun sì dópin, wọn kò dẹ́kun ẹrú rírà. Wọ́n ń rà wọ́n láti wa ọkọ̀ àti láti ru epo. Nínú àwọn awakọ̀ àti alárù wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn.

Iṣẹ́ ìbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ti mú mi dé ọ̀pọ̀ kíláàsì níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn bí ẹ̀sìn Kristi ti ṣe dé ilẹ̀ wa. Ìtàn náà kì í yàtọ̀: orúkọ Crowther, orúkọ Townsend àti ti Hinderer, orúkọ Mary Slessor, ọdún tí wọ́n dé àti ọdún tí wọ́n kú. Mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé, “Àwọn wo ni wọ́n wàásù fún? Kí ni ó sì ná àwọn tí ó gbọ́?” Kíláàsì a dákẹ́ rọ́rọ́, nígbà mìíràn olùkọ́ pàápàá a máa wo ilẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ èmi náà.

Ọba William Dappa Pepple ni ó pe ìjọ Kristi wá sí Bonny. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rọ ọba yìí lóyè ní 1854, wọ́n sì mú un kúrò nílùú. Ó gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba ìrìbọmi níbẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó padà sílé ní 1861. Ní 1864 ó kọ ìwé sí Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí ìlú òun. Ọdún náà gan-an ni wọ́n fi Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀bẹ̀ ọba náà bọ́ sí. Ní 1865 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bonny. Crowther kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọba àti àwọn ìjòyè gbà láti san nínú owó tí yóò ná wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ìjòyè tí ń ta àgbá epo lọ́pọ̀lọpọ̀ ń wá ọmọ tí yóò lè ka ìwé ìṣirò oníṣòwò òyìnbó, tí yóò sì sọ fún un bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n rò pé àwọn lè gba ìwé kíkà kí àwọn sì fi ìwàásù sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìhìnrere ni ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun tí ọmọ bá sì kọ́ ní ọ̀sán kì í pẹ́ kí ó tó dé etí gbogbo ẹni tí ń bẹ nínú ilé, àti ọmọ àti ẹrú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà là. Awọ́nrínwọ́n ni ẹranko òrìṣà Ikuba ní Bonny. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Ó ń rìn kiri láàrin ìlú bí ó ti wù ú. Ní ọjọ́ Àjíǹde 1867, Ọba George Pepple, ọmọ William Dappa, ẹni tí ó ti kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì jọba lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ní 1866, kéde pé awọ́nrínwọ́n kì í ṣe ohun ìbọ Bonny mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n. Ní oṣù October ọdún kan náà, wọ́n fọ́ àwọn ilé ìjọsìn ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé títí di òní. Ẹni tí ó bá wo ìlú méjèèjì ní ọdún náà yóò rò pé ní Bonny ni onígbàgbọ́ ti rí ibi ìsinmi. Àṣìrò gbáà ni.

Kí ohun tí ó tẹ̀ lé e tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń pè ní “ilé” ní Bonny. Kì í ṣe agbo ilé bí ti Yorùbá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ti so ènìyàn pọ̀. Ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ ogun ni lábẹ́ olórí kan, ẹrú tí a fi owó rà ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé tí ó bá lè pèsè ọkọ̀ ogun àti àwọn tí yóò wà á ni ilé tí a ń kà sí. Ẹrú tí ó bá gbọ́n tí ó sì mọ òwò lè di olówó níbẹ̀, àní ó lè di olórí ilé. Jaja, tí ó fi Bonny sílẹ̀ lẹ́yìn ogun 1869 tí ó sì lọ tẹ Opobo dó, ọmọ Ìgbò tí a tà lẹ́rú ni. Ṣùgbọ́n títí ẹrú yóò fi dé ibẹ̀, ohunkóhun tí ó ní, ti olórí ilé ni. “Ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù,” bí àwọn baba wa ti wí. Bí olórí ilé bá pa ẹrú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í.

Ìbọ ni ó sì di ilé náà mú. Oríṣiríṣi ìlú ni àwọn ẹrú ti wá, wọn kò mọ bàbá kan náà, wọn kò sì mọ ìyá kan náà. Ẹran tí wọ́n jọ ń jẹ níwájú òrìṣà ilé wà lára ohun tí ń sọ àjèjì di ará ilé. Nítorí náà, lójú ìjòyè, ẹrú tí ó kọ ẹran ẹbọ kò kọ oúnjẹ. Olórí ilé ni ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà àwọn Ìgbò ń yí ká, kò sì mọ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, tí awakọ̀ sì ní òun kò lọ, owó ìjòyè ni ó ń wọmi. Èmi kò kọ èyí láti dá àwọn ìjòyè láre. Mo kọ ọ́ kí a má ba à rò pé ìwà ìkà lásán ni ó sún wọn ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà tí agbára sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewu ni fún aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu jù ni irú àwọn ènìyàn tí ó gba ẹ̀sìn náà. Ọmọ olówó ni wọ́n rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹrú ni ó kún ilé ìjọsìn. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjòyè ra fún ọmọ wọn, àwọn tí wọn kò rà á fún ni ó mú un lò.

Ní nǹkan bí 1874, inúnibíni bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Àwọn ìjòyè kà á léèwọ̀ fún àwọn ẹrú wọn láti dé ilé ìjọsìn. Ẹni tí ó bá lọ, wọ́n á nà án, wọ́n á fi ebi pa á, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀. Ilé ìjọsìn wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ dá páropáro. Inú igbó ni àwọn onígbàgbọ́ ń lọ láti gbàdúrà, ní ìdákọ́ńkọ́, ní ẹgbẹ́ kéékèèké.

Ní November 1875, ọ̀rọ̀ Jóṣúà ṣẹlẹ̀. Ẹrú ni, nínú ilé ìjòyè kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní Captain Hart. Wọ́n gbé ẹran tí a ti fi rúbọ síwájú rẹ̀, ó ní òun kò ní jẹ ẹ́. Wọ́n gbé e, wọ́n jù ú sókè, wọ́n sì jẹ́ kí ó já lulẹ̀ gbì lórí ilẹ̀ líle. Wọ́n tún gbé e, wọ́n tún jù ú. Kò jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé èyí kò yí i lọ́kàn padà, wọ́n dè é tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì wà á lọ sójú agbami. Ó ń gbàdúrà nínú ọkọ̀ náà pé kí Ọlọ́run dárí ji àwọn tí ń gbé òun lọ. Wọ́n jù ú sómi. Nígbà tí ó léfòó, wọ́n fi àjẹ̀ gbá a lórí, wọ́n sì fi ọ̀pá ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un títí ó fi rì. Ẹ má gbàgbé pé ẹrú ni ó ń wa ọkọ̀ ní Bonny.

“Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.” Orúkọ méjì ni ìwé ìtàn fi mọ ọkùnrin yìí. Jóṣúà ni ìjọ sọ ọ́. Hart ni ilé tí ó rà á, ilé kan náà tí ó pa á.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní òkè òkun, àgbà olùkọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé kí a tó gba ìròyìn kankan gbọ́, kí a bèèrè ẹni tí a kọ ọ́ sí. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ ni ó kọ ìròyìn ikú Jóṣúà, wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fi owó ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè ní àsọdùn. Mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, mo sì gbà á. Kò sí àrá nínú rẹ̀, kò sí áńgẹ́lì, odò kò pín sí méjì, àwọn tí ó pa á kò sì ya arọ. Ẹran kan wà, ọkọ̀ kan wà, àjẹ̀ wà, ọkùnrin náà sì kú.

Ẹrú méjì mìíràn, Isaiah Bara àti Jonathan Apiafi, ni a kò pa. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n sínú ahéré kan nínú igbó, kí ebi àti òjò lè ṣe ohun tí ìyà kò lè ṣe. Àwọn kan ń yọ́ gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní òru. Òun ni ó mú wọn wà láàyè, nítorí nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n lò nínú ẹ̀wọ̀n náà. Ìwé ìtàn kò ní orúkọ àwọn tí ń gbé oúnjẹ náà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ìwé ìtàn àwọn kíláàsì wa wà, n kò ní kọ nípa àwọn méjì tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n kí n má kọ nípa ẹni tí ó fi orí la òkùnkùn igbó kọjá pẹ̀lú iṣu sísè lábẹ́ aṣọ.

Èsì tí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fún ọ̀gá wọn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo rí ohun tí ó mú kí ìgbàgbọ́ wọn ṣòro láti ṣẹ́gun. Ọ̀kan nínú wọn wí pé iṣẹ́ yòówù tí ọ̀gá òun bá fún òun, bí ó ti wù kí ó le tó, òun yóò ṣe é. Bí ó bá ní kí òun ru ayé pàápàá lórí, òun yóò gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi bọ òrìṣà ni òun kò ní fẹnu kàn. Nígbà tí wọ́n ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ òmíràn pé kí ó padà sínú ẹ̀sìn ilé, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá òun, kò sí iṣẹ́ ilé tí òun kọ̀ rí. Ṣùgbọ́n Jésù ti fi àgádágodo ti ọkàn òun pa, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì wà, òun kò lè ṣí i.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rọlẹ̀ tó ni ó ti le tó. Ní Calabar, ní 1850 àti 1851, àwọn ẹrú inú oko ti mulẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ko ara wọn jọ wọ ìlú láti fi ipá dá ìpakúpa ẹrú dúró. Irú èyí yé àwọn olówó: ọ̀tẹ̀ ni, agbára ni a fi ń pàdé ọ̀tẹ̀. Ẹrú Bonny kò dìtẹ̀. Ó wakọ̀, ó ru epo, ó gbọ́ràn lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó kọ ohun kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ó ti gba gbogbo ìyókù tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pa á, owó ara rẹ̀ ni ó pa. Bí ó bá fi í sílẹ̀, àwọn tí ó kù ń wò.

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ló dé tí ìjọ kò fi kọ́ wọn láti kọ oko ẹrú fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì buyì kún àwọn olórí ìjọ ìgbà náà, tí wọ́n gbà pé kí ẹrú gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu nínú ohun tí kò kan ẹ̀sìn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ oko ẹrú ju Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lọ. Wọ́n kó òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ìyá rẹ̀ kò sì fojú kàn án mọ́ títí di 1846, nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Abẹ́òkúta. Òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ni ó ti ṣẹ.

Níbo wá ni Ọba George wà? Ó wà lórí ìtẹ́. Òun ni ó mú awọ́nrínwọ́n kúrò, òun ni ó mọ̀wé jù, àwọn òyìnbó sì fẹ́ràn àti bá a jókòó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olórí ilé ni agbára wà, àgàgà Oko Jumbo, ẹni tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí. Ọba kò lè gba Jóṣúà là. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń ra epo lọ́wọ́ àwọn ìjòyè kan náà tí ń ṣe inúnibíni. Bíṣọ́ọ̀bù àti ọmọ rẹ̀ Dandeson, tí ó ń bójú tó ìjọ Bonny, lè bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lè gbàdúrà. Wọn kò ní ọmọ ogun. Ìwé wa máa ń sọ pé ẹ̀sìn Kristi gbèrú ní etí odò nítorí ààbò ọba àti ti ọkọ̀ ogun òyìnbó. Ní Bonny, láàrin 1874 sí 1878, kò sí ààbò kankan tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ìjọ sì ta gbòǹgbò.

Nígbà tí àwọn ọdún 1870 ń parí lọ, ìjì náà rọlẹ̀. Oko Jumbo jáwọ́ nínú àtakò rẹ̀, àwọn ìjòyè mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn kan sì wá jókòó nínú ilé ìjọsìn kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè. Captain Hart pàápàá, nígbà tí ó ń kú lọ, sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé irọ́ ni àwọn òrìṣà tí òun ti ń bọ, kí wọ́n má ṣe bọ wọ́n mọ́. Kò sẹ́ni tí ó lè sọ pé ojú Jóṣúà kò sí lọ́kàn rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Èmi kò ní fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdánwò mìíràn dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan nínú C.M.S. dìde sí àwọn òjíṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Wọ́n lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀. Ó kú ní 31 December 1891. Àwọn ìjọ etí òkun, tí Bonny ṣíwájú wọn, kò dá bíṣọ́ọ̀bù wọn dá ìtìjú rẹ̀. Ní 1892 wọ́n gba ìṣàkóso ara wọn sọ́wọ́ ara wọn lábẹ́ Dandeson Crowther, wọ́n sì ń san owó oṣù àwọn òjíṣẹ́ àti olùkọ́ wọn láti inú àpò ara wọn. Owó epo ni owó náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni ó wà láàrin ikú Jóṣúà àti ìgbà náà, mo sì gbà gbọ́ pé nínú àwọn tí ń mú owó wá ni àwọn kan wà tí wọ́n ti mọ ọ̀nà inú igbó lóru.